Bá a ṣe ń tọ́jú ọ̀nà ẹsẹ̀ etí odò ládùúgbò wa

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kẹ́ni tó bá fẹ́ sá tètè sá: iṣẹ́ ọ̀nà etí odò kì í ṣe iṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Mo rò pé téèyàn bí ogún bá ti kóra jọ ní Sátidé kan, tí wọ́n ṣa gbogbo ọ̀rá píọ̀wọ́tà tó wà nílẹ̀, tí wọ́n ya fọ́tò, tí wọ́n jẹ búrẹ́dì tí wọ́n fi mínírà lé e, ó tán náà nìyẹn. Odò tiwa ní Ìbàdàn níbí, ọ̀kan nínú àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn lọ pàdé odò Ọnà, ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Omi lẹ máa bá fà á. Tẹ́ ẹ bá mọ ibi tómi fẹ́ gbà, tẹ́ ẹ dẹ̀ ń padà wá wò ó déédéé, ọ̀nà yẹn á wà. Tẹ́ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ lè ṣa ìdọ̀tí títí, lọ́jọ́ kan ẹ máa débẹ̀, ẹ ò ní bá ọ̀nà kankan mọ́.

Ọ̀nà tí mò ń sọ yìí ò ju kìlómítà kan àti díẹ̀ lọ, láti ìdí afárá títí dé ibi táwọn ìyá tó ń fọṣọ máa ń sá aṣọ sí. Igi lọ́tùn-ún, omi lósì. Àwọn ọmọ iléèwé ń gbà á, àwọn àgbà tí dókítà ní kí wọ́n máa rìn ń rìn ín láàárọ̀, àwa bíi méjìlá dẹ̀ ń tọ́jú ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wa. Bá a ṣe ń ṣe é nìyí, tó fi mọ́ àwọn ibi tá a ti ṣì í ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ lọ kí àwọn tó ni ín

Kẹ́ ẹ tó gbé àdá, ẹ lọ kí èèyàn. Kò sí etí odò tí ò lẹ́ni tó ni ín nílẹ̀ yìí. Mọ̀lẹ́bí onílẹ̀ wà, baálẹ̀ wà, ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù wà, ìjọba ìbílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ mú àgbàlagbà kan dání lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀, ẹ má rán ọ̀dọ́ nìkan tó máa lọ dúró ṣánṣán tá á máa pe "project" sí wọn létí. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Ohun tá a sọ lọ́jọ́ tiwa ni pé, "Bàbá, a ò wá gbalẹ̀ o, a ò fẹ́ kọ́lé, ọ̀nà tẹ́ ẹ ti ń rìn látijọ́ la fẹ́ máa bá yín tún ṣe." Gbólóhùn yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí nǹkan àkọ́kọ́ tó máa sọ sí wọn lọ́kàn ni pé ẹnì kan ló fẹ́ fọgbọ́n ta ilẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù àti ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu kọ́pì tẹ̀yin, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ tẹ́nì kan bá dá yín dúró tó ní ta ló ní kẹ́ ẹ máa gé igbó, kọ́pì yẹn lẹ máa yọ.

Ẹ tún bi àwọn tó ń lò ó. Àwọn ìyá tó ń fọṣọ, àwọn tó ń wa yanrìn, àwọn darandaran tó ń fún màlúù lómi, àwọn aláṣọ funfun tó ń wá wẹ̀ lóru. Ìyá kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n máa ń bọ odò, Ìyá Olódò la ń pè wọ́n. Sátidé àkọ́kọ́ tá a ṣiṣẹ́, ọmọkùnrin kan nínú wa rí igbá kan ní ìdí igi, ó da gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ sínú àpò pẹ̀lú páḿpáàsì. Kí ilẹ̀ tó ṣú ìyá ti dé. Wọn ò pariwo rárá, ìyẹn gan-an ló ń bani lẹ́rù, wọ́n kàn jókòó, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ìdọ̀tí wo lẹ rí nínú igbá mi?" A bẹ̀bẹ̀ títí. Àdéhùn tá a wá ṣe ni pé ohunkóhun tó bá wà nínú igbá tàbí ìkòkò, a ò ní fọwọ́ kàn án, ìyá fúnra wọn ló máa wá kó o lẹ́yìn ọjọ́ méje. Àwọn aláṣọ funfun náà, wòlíì wọn ti ní kí wọ́n máa kó kànrìnkàn àti ike ọṣẹ wọn lọ sílé. Ìgbà míì wọ́n máa ń gbàgbé ṣá.

Ẹ má fojú kéré àwọn èèyàn yìí. Ẹ wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, hẹ́kítà 75 ni, ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè lọ́dún 1965, UNESCO dẹ̀ kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Kí gbogbo wọn tó débẹ̀, èèwọ̀ ló ti ń ṣọ́ ọ: wọn kì í pẹja níbẹ̀, wọn kì í dọdẹ, wọn kì í gégi. Ìyá Olódò tiwa ti lé àwọn tó fẹ́ gé igi ìrókò etí odò lọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹnu lásán ni wọ́n fi lé wọn. Pátákó wa ò tíì lé ẹnikẹ́ni lọ rí.

Ẹ rìn ín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan

Ẹ rìn ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kẹ́ ẹ tún rìn ín lójò. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń fẹ́ jáde lójò, àmọ́ wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn tójò dá lọ̀nà yẹn máa ń sọ gbogbo àṣírí ẹ̀ fún yín. Ẹ máa rí ibi tómi dúró sí, ibi tó ti ń sáré, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ lábẹ́. Ẹ ya fọ́tò níbi kan náà nígbà gbogbo kẹ́ ẹ lè fi tọdún yìí wé tèṣí.

Àwa fẹ́ sàmì sáwọn ibi tó ti bàjẹ́, la bá fa aṣọ pupa ya wẹ́wẹ́, a so ó mọ́ igi káàkiri. Ẹ̀yin náà ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Fún odindi ọ̀sẹ̀ kan kò sẹ́ni tó gba ọ̀nà yẹn, àwọn ọmọ iléèwé lọ gba ojú títì, wọ́n ní wọ́n ti pààlè sí etí odò. Ọ̀dà funfun la wá fi kọ nọ́ńbà sára òkúta. Ẹ lo ọ̀dà o.

Àyẹ̀wò kan tún wà tí ò gba owó. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́wàá tómi kún, ẹ dà á díẹ̀díẹ̀ sí àárín ọ̀nà, kẹ́ ẹ dúró kẹ́ ẹ máa wò ó. Tómi yẹn bá yà kúrò lójú ọ̀nà kó tó lọ tó ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ibẹ̀ dáa. Tó bá ń bá ọ̀nà lọ bí ẹni tó ń lọ sọ́jà, tó kọjá ìṣísẹ̀ márùn-ún tí ò yà, ibẹ̀ ń fẹ́ gọ́tà. Ẹ kọ nọ́ńbà ibẹ̀ sílẹ̀.

Nǹkan èlò, àti bí ẹnikẹ́ni ò ṣe ní farapa

Àdá, ọkọ́, ṣọ́bìrì, réèkì onírin, bárò kan tí táyà ẹ̀ ò jò, ìbọ̀wọ́ tó nípọn, àpò ìrẹsì tó ti lò tán, bàtà òjò. Èyí tó bá ṣeé yá, ẹ yá a. Àdá tó mú dáa ju èyí tó kú lọ, torí àdá tó kú lẹ máa fi gbogbo agbára jù, òun ló máa ta padà sí yín lójúgun. Ẹ máa pọ́n ọn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ẹni tó bá ń gé igbó, kí ẹlòmíì jìnnà sí i tó ìlọ́po méjì apá àti àdá, kẹ́nikẹ́ni má dúró lẹ́yìn ẹ̀ láti máa bá a tàkúrọ̀sọ.

Ẹ ní okùn. Okùn tó gùn tó mítà 15 sí 20, kẹ́ ẹ so kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún mọ́ ọn lórí, kẹ́ ẹ bu omi díẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì yẹn kó lè wúwo tó láti jù dáadáa, kẹ́ ẹ dé e pa. Bí ẹnikẹ́ni bá já sódò, ẹ má bẹ́ tẹ̀ lé e o. Ẹ ju kẹ́ẹ̀gì kọjá orí ẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ fà á wálé. A ò tíì fi tiwa gba ẹnikẹ́ni là, a kàn fi fa bárò tó yọ̀ sómi jáde, àmọ́ gbogbo Sátidé la máa ń gbé e dání.

Ẹ má wọ omi tó dúró láìwọ bàtà òjò. Àtọ̀sí ajá, èyí tó ń jẹ́ kéèyàn tọ ẹ̀jẹ̀, inú ìgbín kéékèèké tó wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀ ló ti ń wá, ara lásán ló ń gbà wọlé, kò nílò egbò. Ẹni tó bá ti wọ irú omi bẹ́ẹ̀, tó wá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, kó lọ ṣe àyẹ̀wò, òògùn ẹ̀ wà. Abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì náà, ẹ lọ gbà á kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ìgò tó fọ́ àti ìrin tó dípẹtà pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Ti ejò. Ẹ má fọwọ́ bọ ibi tójú yín ò rí, réèkì ni kó kọ́kọ́ wọbẹ̀. Paramọ́lẹ̀ kì í sá fún yín, á kàn dúró sínú ewé gbígbẹ, ẹ̀yin lẹ máa wá tẹ̀ ẹ́. Tó bá bu ẹnì kan ṣán, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fẹnu fa á, ẹ má so ó le dandan. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kúrò, ẹ jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́, kẹ́sẹ̀ tàbí ọwọ́ yẹn má mira, ẹ wo aago kẹ́ ẹ mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀, ẹ gbé e lọ ọsibítù tó ní òògùn ejò. Ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ ọsibítù yẹn ṣáájú ọjọ́ náà, kí nọ́ńbà ọlọ́kadà kan dẹ̀ ti wà lórí fóònù yín.

Wèrèpè ńkọ́? Tí èso ẹ̀ bá ti gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ lásán á gbé irun ẹ̀ sí yín lọ́rùn. Ẹ má ha á, ẹ má fọwọ́ ra á. Ẹ mú sẹ́lótéèpù, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ kẹ́ ẹ ṣí i, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kẹ́ ẹ tó wá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ti èsìsì, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ omi gan-an

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà.

Omi òjò ló ń ba ọ̀nà jẹ́ jù, kì í ṣe omi odò. Omi tó ń bọ̀ látòkè, látorí páànù ilé àwọn èèyàn àti látojú títì, tó bá ti rí ọ̀nà yín tó mọ́ tó tẹ́jú báyìí, á kàn gùn ún bí ẹni gun ọ̀kadà, á máa sáré lọ lórí ẹ̀, ibi tó bá ti sáré jù lá ti wú ilẹ̀, á ṣe ihò, ihò yẹn á di gọ́tà, gọ́tà á di kòtò, àwọn èèyàn á dẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yà gba ẹ̀gbẹ́, wọ́n á tẹ koríko pa, ibẹ̀ náà á wú. Ọdún méjì péré ló máa ń gbà.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dá a dúró nìyí. Ẹ gbẹ́ gọ́tà kékeré tó dábùú ọ̀nà, kó fẹ̀ tó ojú ṣọ́bìrì, kó jìn tó ínǹṣì mẹ́fà. Ẹ má gbẹ́ ẹ gbọọrọ bí ẹni fa rúlà, ẹ gbé e dagun, kí ìdí ẹ̀ tó wà lápá odò rẹlẹ̀ ju èyí tó wà lápá òkè lọ, torí tó bá dábùú tààrà, yẹ̀pẹ̀ á dúró sínú ẹ̀, á dí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Yẹ̀pẹ̀ tẹ́ ẹ gbẹ́ jáde, ẹ kó o sí apá ìsàlẹ̀ gọ́tà yẹn, ẹ mọ ọ́n bíi kèbè, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ to òkúta sórí ẹ̀ kí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn má wó o. Níbi tómi ti máa jáde, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kí koríko wà níbẹ̀, kómi má baà jábọ́ sórí ilẹ̀ lásán. Níbi tí ọ̀nà bá ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ ṣe é ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá-mẹ́wàá, ibi tó bá tẹ́jú díẹ̀, ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ ti tó.

Ojú ọ̀nà fúnra ẹ̀ náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ díẹ̀ sápá odò. Tí ọ̀nà bá fẹ̀ tó mítà kan àti ààbọ̀, kí apá odò fi bí ínǹṣì mẹ́ta rẹlẹ̀ ju apá kejì lọ, ẹni tó ń rìn ò tiẹ̀ ní mọ̀. Tẹ́ ò bá ní ohun táwọn bíríkìlà fi ń wọn nǹkan, ẹ fi pákó dábùú ọ̀nà, ẹ gbé ìgò omi tí ò kún sórí ẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀, ẹ máa rí ibi tí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ń lọ.

Gọ́tà mọ́kàndínlógún la ní. Nọ́ńbà keje ni wàhálà. Abẹ́ igi ìyeyè ló wà, tí ìyeyè bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lójò, èso ẹ̀ á máa já bọ́ tápátápá, á yí sínú gọ́tà, á dì mọ́ ewé, á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ẹmu àná, àwọn ọmọ á wá ṣà á, wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ kèbè wó. Ẹnì kan ní ká gé igi yẹn. A ní rárá, torí gbòǹgbò ẹ̀ ló di ilẹ̀ ibẹ̀ mú. Gọ́tà keje la máa ń lọ wò lẹ́yìn gbogbo òjò, òjò ńlá òjò kékeré, ìyẹn ò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ̀lú ọkọ́ kan.

Ohun tẹ́ ẹ máa gé, àtèyí tẹ́ ẹ máa fi sílẹ̀

Ọ̀nà nìkan ni kẹ́ ẹ gé, pẹ̀lú ìwọ̀n apá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè. Lápá odò, ẹ fọwọ́ mú ohun tó bá ń fà mọ́ aṣọ èèyàn kúrò, kẹ́ ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi èyí. Ọdún tá a bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo ní ká gé gbogbo koríko tó wà láàárín ọ̀nà àti odò kí ojú lè ríran dáadáa. A gé e mọ́lẹ̀ pátápátá, ó mọ́ bí orí ẹni tó fárí, mo ya fọ́tò, wọ́n kí mi gan-an lórí WhatsApp. Oṣù kẹsàn-án dé, òjò rọ̀ mọ́jú, nígbà tá a débẹ̀ láàárọ̀, bẹ́ǹṣì tí káfíńtà kan bá wa kàn lọ́fẹ̀ẹ́ ti wà nínú odò, ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè bí ewúrẹ́ tó kú. Ilẹ̀ tó dúró lé ti bá omi lọ. Mi ò lè wo ojú káfíńtà yẹn fún nǹkan bí oṣù méjì.

Ewé Akíntọ́lá ni ẹ máa bá jà jù lápá òkè. Àwọn kan ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀, ó kù sọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí bàbá àgbà wọn bá ṣe. Ẹ fà á tu tilẹ̀ bá rọ̀, kó tó yọ òdòdó níparí ọdún, torí tó bá ti tanná tán, afẹ́fẹ́ á gbé èso ẹ̀ káàkiri, ẹ ti pàdánù ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Ẹ má dáná sun ún, iná ọyẹ́ kì í gbọ́ràn. Jogbo, èyí tó ń yọ òdòdó yẹ́lò ńlá, ẹ gé e kẹ́ ẹ kó o jọ kó jẹrà, ajílẹ̀ tó dáa ni.

Ẹ wo orí igi kẹ́ ẹ tó gé ẹ̀ka tó nà sórí omi. Àwọn ẹyẹ ẹ̀gà fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an, ìtẹ́ wọn á máa fì dùgbẹ̀dùgbẹ̀. Tí ìtẹ́ bá wà níbẹ̀, ẹ̀ka yẹn ò tíì ṣeé gé.

Ẹnì kan máa wá bá yín pẹ̀lú òògùn apakoríko, á ní wákàtí kan péré lẹ máa fi parí ẹ̀. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ ní kó máa gbé e lọ. Etí omi ni, àwọn èèyàn ń fọṣọ níbẹ̀, ẹja wà níbẹ̀, gbòǹgbò tẹ́ ẹ nílò láti di ilẹ̀ mú lẹ fẹ́ pa. NAFDAC fúnra wọn ti fòfin de paraquat, ọ̀kan lára irú òògùn yẹn, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, bẹ́ẹ̀ ẹ ṣì máa rí ẹni tó ní òun ní i nílé.

Gbígbìn

Níbi tí ilẹ̀ bá ti ń ya, ẹ gbin nǹkan síbẹ̀ ní oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà, tójò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ ò nílò kẹ́ ẹ lọ ra igi. Pèrègún, akòko, ìyeyè, gbogbo wọn ló ń hù láti ara igi tẹ́ ẹ bá gé. Ẹ gé e gígùn apá kan, ẹ gé ìsàlẹ̀ ẹ̀ ṣóńṣó, ẹ gé òkè ẹ̀ pẹrẹsẹ kẹ́ ẹ má baà dorí ẹ̀ kodò (ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ti ṣẹlẹ̀), ẹ tì í bọlẹ̀ kí ìdajì ẹ̀ ó lé díẹ̀ wọlẹ̀, ẹ tẹ yẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Ẹ gbìn ín ní ìlà méjì, kí ìlà kejì bo àlàfo ìlà kìíní. Láàárín wọn ẹ fi koríko vetiver sí i, gbòǹgbò ẹ̀ máa ń lọ tààrà sísàlẹ̀, ó lè jìn ju mítà méjì lọ, àwọn tó ń bá omi ọ̀gbàrá jà fẹ́ràn ẹ̀. Ewúrẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà fún pèrègún, àmọ́ akòko, ẹ fi ẹ̀gún yí i ká fún oṣù mẹ́ta.

Afárá ọparun

Tí odò kékeré kan bá dábùú ọ̀nà yín, ọparun tó gbó ni kẹ́ ẹ gé, èyí tó ti tó ọdún mẹ́ta, tí awọ ẹ̀ ti ń ní àpá. Ẹ gé e lẹ́ẹ̀rùn, torí kòkòrò kì í fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn tẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ rì í sómi tó ń ṣàn fún bí oṣù kan, ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́, á yọ adùn inú ẹ̀ tí kòkòrò ń jẹ kúrò, kẹ́ ẹ wá sá a níbi òjìji. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ fi éńjìn-ọ́ìlì tó ti lò tán kùn ún, ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, inú omi ló máa já sí. Kí orí ọparun má kan ilẹ̀, òkúta ni kó jókòó lé. Bẹ́ ẹ ṣe wù kẹ́ ẹ ṣe é tó, lẹ́yìn bí ọdún méjì ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀, ẹ ti kà á mọ́ iṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Oṣooṣù kẹ́ni tó wúwo jù nínú yín fò lórí ẹ̀ díẹ̀. Èmi nìyẹn láwùjọ tiwa.

Ìdọ̀tí

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Ẹ ṣa ọ̀rá, ìgò, ike oúnjẹ, ẹ pín wọn: ike lọ́tọ̀, ìrin lọ́tọ̀, torí àwọn tó ń rà á wà, owó ẹ̀ la fi ń ra ìbọ̀wọ́. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò, ẹ má fọwọ́ mú un, ẹ fi ẹ̀mú mú un sínú gálọ́ọ̀nù tó ní ìdérí. Ẹ máa ka iye àpò kẹ́ ẹ dẹ̀ kọ ibi tẹ́ ẹ ti rí i. Ibi tá a ti kà á la ti mọ̀ pé ọ̀pọ̀ jù lọ ìdọ̀tí wa, ẹnu gọ́tà ńlá kan ṣoṣo ló ń gbà wọlé. A ní kí wẹ́dà bá wa ṣe asẹ́ onírin síbẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ o, àmọ́ ẹ gbọ́: asẹ́ tẹ́ ò kó ìdọ̀tí ẹ̀ kúrò lẹ́yìn gbogbo òjò, ẹ ti sọ ọ́ di ìdènà nìyẹn, ilé àwọn èèyàn lomi máa lọ. Tẹ́ ò bá rẹ́ni tó máa ṣe é, ẹ má fi síbẹ̀ rárá.

Níbi tómi ti dúró, ewé kan máa ń hù tó ní òdòdó àlùkò, tí igi ewé ẹ̀ wú bí bọ́ọ̀lù, wọ́tà háyásíǹtì ni. Kì í ṣe ojúoró, kì í ṣe òṣíbàtà, àwọn yẹn ti wà látayébáyé. Èyí ò wọ orílẹ̀-èdè wa títí di 1984 tí wọ́n rí i nínú ọ̀sà Badagry, láti ìgbà náà ló ti ń jẹ odò. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó lè di ìlọ́po méjì. Ẹ fi réèkì fà á nígbà tó ṣì kéré, ẹ kó o sí etí omi di ọjọ́ kejì kí àwọn alákàn àti ẹja kéékèèké inú ẹ̀ rọ́nà padà, kẹ́ ẹ tó wá gbé e jìnnà. Á ti fúyẹ́ nígbà yẹn, omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Ìgbà tẹ́ ò gbọ́dọ̀ lọ

Ìparí oṣù kẹjọ. Odò Ògùnpa ya bo ìlú ní 31 oṣù kẹjọ 1980, omíyalé tó gbé àwọn èèyàn lọ ní Ìbàdàn níbí tún ṣẹlẹ̀ ní 26 oṣù kẹjọ 2011, òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ yẹn lé ní mílímítà 180, láàárín wákàtí mélòó kan. Àwọn odò kéékèèké wa kì í kìlọ̀, ó lè má rọ̀ níbi tẹ́ ẹ wà rárá, kómi tó rọ̀ lókè kàn yà bá yín. Tí omi bá yí àwọ̀ padà lójijì, tó ń gbé ewé àti igi bọ̀, ẹ ju ohun tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ gun òkè. Ẹ̀mí yín ló ṣe kókó nígbà yẹn, ṣọ́bìrì ṣeé rà.

Àwọn èèyàn yín

Ẹ má pe èèyàn ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Èèyàn mẹ́fà lẹ́ẹ̀mejì lóṣù dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, wákàtí méjì, aago méje sí mẹ́sàn-án, kí oòrùn tó mú. Ẹ pín ọ̀nà sí apá-apá, kẹ́nì kọ̀ọ̀kan ní gọ́tà tiẹ̀ tá á máa tọ́jú. Ẹni tó bá ní gọ́tà tirẹ̀, ẹ ò ní láti pè é, tójò bá rọ̀ á ti lọ wò ó fúnra ẹ̀ nítorí ojú á tì í tó bá dí. Owó tẹ́ ẹ bá dá, ẹ kọ ọ́ sórí pépà, kẹ́ ẹ ya á sórí WhatsApp lọ́jọ́ kan náà, kó tó di ariwo. Kẹ́ni tó mówó lọ́wọ́ má jẹ́ ẹni tó ń ra nǹkan.

Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ fọsẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ, kẹ́ ẹ ka àdá. Mẹ́jọ la máa ń gbé wá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá méje la kà, a wá gbogbo igbó, a tú àpò ìdọ̀tí palẹ̀, ẹnì kan ti ń bínú pé wọ́n fojú olè wo òun, àfìgbà tí ọmọdé kan tó wá ṣa ìyeyè pè wá. Àdá wà lórí kèbè gọ́tà keje, èmi ni mo gbé e síbẹ̀ nígbà tí mò ń kó ewé kúrò. Gọ́tà yẹn ti tún dí.